AC 1HP oní-inverter àti ti àtijọ́: èló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ lórí mítà?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀rọ amúlétutù láyé ìsinsìnyí, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bi ọlọ́jà ni pé, "Ṣé kò ní jẹ iná jù?" Ọlọ́jà á nàka sí "inverter" tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí, á ní ìdajì iná ni yóò máa jẹ. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo yàrá ló ti ń ṣẹ. AC 1HP, èyí tí agbára ìtutù rẹ̀ jẹ́ 9,000 BTU, là ń yẹ̀ wò níbí, nítorí òun ló pọ̀ jù ní yàrá ìbùsùn wa. (Inverter inú AC ló ń jẹ́ kí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì káàkiri inú AC, lè dín eré rẹ̀ kù bí yàrá bá ti tutù. Ó yàtọ̀ sí inverter oníbátìrì tí à ń lò bí wọ́n bá mú iná lọ. Ẹ má pa méjèèjì pọ̀.)

Ẹ wo ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó wà níta. Iye wáàtì oríṣi méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tó tó 2,600 jẹ́ ti agbára ìtutù, kì í ṣe iná tó ń jẹ. Ọ̀pọ̀ ló ti torí rẹ̀ sá fún AC tó dára. Èyí tí wọ́n kọ "power input" sí ni kí ẹ lò. Lára 1HP ti àtijọ́, ó sábà máa ń wà láàárín 800 sí 950. Ẹ fi iye wákàtí sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi 1,000 pín in, ohun tó kù nìyẹn ní yúnìtì.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni NERC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó yúnìtì Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, láti náírà 68 sí 225. Ó wálẹ̀ sí 206.80 ní oṣù Karùn-ún, ó tún gòkè sí 209.50 ní oṣù Keje. Iye tó kẹ́yìn yìí la fi ṣírò, pẹ̀lú VAT 7.5%. Bí tiyín bá yàtọ̀, ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀.

Ká ní AC àtijọ́ oní-wáàtì 850 ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́wàá alẹ́ di mẹ́fà àárọ̀, tí kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ sì ń sinmi fún nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá àkókò náà. Yúnìtì 4.76 nìyẹn, náírà 1,072 lóru kan, 32,160 fún ọgbọ̀n òru. Oní-inverter ńkọ́? Ká ní ó jẹ wáàtì 800 ní wákàtí àkọ́kọ́, tó wá rọra ń sáré ní 350 fún wákàtí méje tó kù. Yúnìtì 3.25, náírà 732 lóru kan, 21,960 lóṣù. Èrè rẹ̀ lé ní náírà 10,000 lóṣù. Owó gidi ni, àmọ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni, kì í ṣe ìdajì.

Ẹ má gba ìṣirò wa gbọ́ láìwo mítà tiyín. Ẹ pa gbogbo nǹkan tó kù nínú ilé, títí kan fíríìjì, kí AC nìkan ṣẹ́ kù. Iná pupa kékeré kan wà lójú mítà tó ń ṣẹ́jú; ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ "1000 imp/kWh" sí. Ẹ ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà, kí ẹ fi òdo kan kún un. Tó bá ṣẹ́jú ní ìgbà 85, wáàtì 850 ni AC yẹn ń jẹ lọ́wọ́. (Bí tiyín bá jẹ́ 1600, ẹ fi 1.6 pín èsì náà.) Ẹ kà á bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, kí ẹ tún kà á lẹ́yìn wákàtí kan. Oní-inverter tí kò bá wálẹ̀ nígbà kejì, nǹkan kan ń dà á láàmú.

Yàrá ló sábà máa ń jẹ́. 1HP tó fún yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 tó ní sílììnì. Bí ẹ bá gbé e sí pálọ̀ ńlá, tàbí sábẹ́ pàánù lásán, tàbí yàrá onílouvre tí afẹ́fẹ́ ń gba ojú rẹ̀ wọlé, kò ní dé ìwọ̀n òtútù tí ẹ yàn láé. Inverter tí kò rí ìsinmi kò sàn ju ti àtijọ́ lọ. Títẹ rìmóòtù sí 16 ń ṣe irú iṣẹ́ ibi kan náà. Lára AC àtijọ́ pàápàá, 16 kì í mú kí yàrá tètè tutù, nítorí ìwọ̀n eré kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ mọ̀. Ẹ fi sí 25 tàbí 26, kí ẹ tan fáànù òkè sí i: fáànù ọ̀hún kò ju nǹkan bí wáàtì 75 lọ.

Ẹ fọ fílítà lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Nígbà ọyẹ́, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí yìnyín bá ń bo páìpù, fílítà ti dí tàbí gáàsì ti dínkù. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n so ẹ̀rọ ìta mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró láàárín ilé méjì. Ooru tó bá tú jáde ni yóò tún máa fà wọlé.

Iná tó ń lọ sókè sódò ló yẹ kó bá ẹni tó fẹ́ ra inverter lẹ́rù. Bí fóòtì bá lọ sílẹ̀ sí 170, kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ àtijọ́ á máa kùn hùn-ùn, kò ní lè gbéra, kàpásítọ̀ á jóná. Owó kékeré la fi ń pààrọ̀ ìyẹn. Inverter rọra ń gbéra, ìdí nìyẹn tí jẹnẹrétọ̀ kékeré fi ń gbé e. Àmọ́ bọ́ọ̀dù rẹ̀ kò fẹ́ iná tó dé lójijì pẹ̀lú agbára, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀dù kan lè kó èrè oṣù púpọ̀ lọ. Ẹ ra ẹ̀rọ ìdáàbòbò tó máa ń dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó jẹ́ kí iná wọlé.

Ẹni tó wà ní Band A, tí yàrá rẹ̀ dí dáadáa, tó ń lo AC ní gbogbo òru: kó ra inverter. Ẹni tó wà ní Band tó kù, tí yúnìtì rẹ̀ kò tó ìdajì owó yẹn, tí iná rẹ̀ kì í sì í pẹ́: ti àtijọ́ tó o, kó fi owó tó kù ṣe sílììnì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń so ó, ẹ béèrè vacuum pump, ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde nínú páìpù, lọ́wọ́ oníṣẹ́. Èyí tó bá sọ pé gáàsì ni òun yóò fi lé afẹ́fẹ́ jáde, ẹ dá a dúró: omi tó bá ṣẹ́ kù nínú páìpù á máa ba kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kí ẹ sì wò ó pé ìwọ̀n ló fi wọn gáàsì AC, R32 tàbí R410A, ní iye gíráàmù tó wà lára ẹ̀rọ náà.