Ẹ ṣọ́ra fún díìsìkì dáyámọ́ńdì olówó pọ́ọ́kú tó ń kiri WhatsApp

Ẹ̀yin tó ń kọ́lé lọ́wọ́ àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi oní-táìlì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sanwó fún ọkùnrin tó ń tà á yẹn o. Ó ń wọ gúrúùpù kan bọ́ sí òmíràn, ó ń polówó díìsìkì dáyámọ́ńdì, ìyẹn irin roboto pẹlẹbẹ tí ẹ̀rún dáyámọ́ńdì wà létí rẹ̀ láti fi gé táìlì, páálí kan ní ìdajì owó ọjà. Nínú fídíò rẹ̀, ó ń la porcelain, táìlì tó le gan-an, bí ẹni ń gé búrẹ́dì. Ohun tó ń fi ránṣẹ́ kọ́ nìyẹn.

Àwọn oníbàárà mi ti ń gbé e wá sí sáìtì. Mo fi èékánná họ etí rẹ̀, ọ̀dà dúdú ló ṣí, irin lásán ló wà lábẹ́. Ó gé táìlì ara ògiri díẹ̀, torí ìyẹn rọ̀. Nígbà tó kan porcelain, etí rẹ̀ pọ́n, ó ń yọ èéfín, táìlì sì ń já wẹ́wẹ́. Ẹ pe ọkùnrin náà, á ní oníṣẹ́ yín ni kò mọ̀ ọ́n lò. Ẹ tún pè é, ó ti bùlọ́ọ̀kì yín.

Etí ojúlówó máa ń nípọn ju àárín lọ díẹ̀, ó sì máa ń ha ọwọ́. Fún táìlì, ẹ béèrè èyí tí etí rẹ̀ lọ yípo láìní àlàfo. Èyí tó ní àlàfo, kọnkéré ló wà fún. Ẹ tún wo iye ìgbà tó lè yí ní ìṣẹ́jú kan, wọ́n máa ń kọ ọ́ sí i lára. Gíráńdà kékeré oní díìsìkì 115 mm, ẹ̀rọ ọwọ́ tó ń yí díìsìkì, ń yí tó ìgbà 11,000. Lára èyí tí ọkùnrin yẹn ń tà, kò sí nọ́ńbà, kò sí ọfà tó ń fi ibi tó yẹ kó yí sí hàn. Díìsìkì tí kò gba irú eré yẹn lè fọ́ lẹ́nu iṣẹ́, kó ta bá ojú ẹni.

Èyí tó bí mi nínú jù: ó ń fi díìsìkì eléyín tí wọ́n fi ń la pákó sínú páálí kan náà, ó ní ó ń gé ohun gbogbo. Ẹ má fi sí gíráńdà láéláé! Eyín yẹn á há, ẹ̀rọ á sì ta mọ́ yín lọ́wọ́. Àwọn kan á ní àwọn ti ń lò ó tipẹ́. Ẹ kú orí ire.

Ó máa ń pààrọ̀ nọ́ńbà, àmọ́ fídíò kan náà ni: ìbọ̀wọ́ pupa, táìlì funfun, kò fojú hàn. Tí ẹ bá rí i, ẹ ní kí admin yọ ọ́. Ẹ ra tiyín níbi tí wọ́n á ti jẹ́ kí ẹ fi gé àfọ́kù táìlì kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá ti sanwó fún un, kó sáré lọ sí báǹkì rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí tiransífà.