Iná jó họ́sítẹ́ẹ̀lì, ẹ̀kọ́ kò dúró: èrò òbí kan nípa ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ ní Òṣogbo

Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní ọ̀nà Ìkìrun, níbí ní Òṣogbo, ni ọmọ mi ọkùnrin wà, ibẹ̀ ló sì ń sùn. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́ tó kọjá, iná jó họ́sítẹ́ẹ̀lì àwọn ọmọkùnrin kanlẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ló fà á: ẹnì kan ń lọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí iná mànàmáná lọ, ó gbé e kalẹ̀ sórí fóòmù láì yọ okùn rẹ̀ lára ògiri, ó sì bá àwọn yòókù lọ síbi ìkàwé alẹ́, nígbà tí iná padà dé, kò sí ẹ̀dá alààyè kan nínú ilé. Ohun tí Ọlọ́run fi kó wa yọ náà nìyẹn, nítorí pé kò sí ọmọ kankan tó fara pa. Kí àwọn panápaná tó dé, òrùlé ti wọlẹ̀.

Ní ti ẹ̀kọ́, mo gbé òṣùbà fún wọn. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni iná jó. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, àwọn tí ń múra ìdánwò WAEC ti jókòó sínú gbọ̀ngàn ìjẹun, wọ́n ti palẹ̀ abọ́ ògì mọ́ kúrò níwájú wọn, olùkọ́ sì ti ń kọ́ wọn. Gbogbo nóòtì àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló jóná, ṣùgbọ́n ti àwọn ọmọ tó ń ti ilé wá kò jó, nítorí náà ni wọ́n ṣe pín wọn ní méjì-méjì, tí ọmọ kan ń ka tirẹ̀ síta tí èkejì ń dà á kọ. Olùkọ́ kẹ́mísírì jókòó tì wọ́n títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń tún ibi tí wọ́n ṣì kọ ṣe. (Oúnjẹ kò yẹ̀ ní wákàtí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ṣì pọ̀ ju ẹ̀wà lọ nínú ẹ̀wà wọn, bí ó ti wà kí iná tó jó.) Owó àtúnkọ́ tí wọ́n bù fún wa láì yọ ẹni tí ẹrù ọmọ rẹ̀ jóná sílẹ̀ kò tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n mo san án.

Ibi tí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sùn ni ọ̀rọ̀ wà. Gbọ̀ngàn kan ni, irin wà lójú gbogbo fèrèsé rẹ̀, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló ní, inú ló sì ń ṣí sí. Ní alẹ́, wọ́n ń fi àgádágodo tì í láti ìta. Mo bi mátírọ́ọ̀nù pé níbo ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà. Ó ká etí ìró rẹ̀ sókè, ó fi hàn mí níbi tó so ó mọ́: "Dádì, olè ni à ń bẹ̀rù o." Mo ka ẹsẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà yàrá tí màmá yìí ń sùn dé ẹnu ọ̀nà àwọn ọmọ, ó jẹ́ 86.

Ní oṣù kejì ọdún 2025, iná pa ọmọ 17 ní ilé kéú kan ní Kaura Namoda, ìpínlẹ̀ Zamfara. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ọmọkùnrin 21 ni iná pa nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì Hillside Endarasha ní Kẹ́ńyà, bẹ́ẹ̀ ìjọba Kẹ́ńyà ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti ọdún 2008 pé irin kò gbọdọ̀ sí lójú fèrèsé họ́sítẹ́ẹ̀lì, àti pé ìta ni ilẹ̀kùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣí sí. Mo kó ọ̀rọ̀ yìí lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n gé irin fèrèsé méjì. Àgádágodo ṣì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, mo yọ ọmọ mi kúrò ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, n kò yọ ọ́ kúrò ní ilé ẹ̀kọ́. Ó ń wọ kòròpè ní Ọláìyá ní agogo mẹ́fà àbọ̀ òwúrọ̀, ó ń rojọ́ oorun, ṣùgbọ́n kò tí ì pẹ́ dé kíláàsì. Òbí tí ilé rẹ̀ jìnnà, tí ọmọ rẹ̀ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó má dúró de ọjọ́ àbẹ̀wò tí gbogbo ilẹ̀kùn ń wà ní ṣíṣí. Kí ó lọ lálẹ́, kí ó béèrè kọ́kọ́rọ́.