GitHub Team: ohun tí ikọ̀ kékeré ń rí gbà fún dọ́là 4

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe iṣẹ́ alágbàṣe nídìí kóòdù kíkọ ní Ìbàdàn, èmi nìkan, mo sì ń lo GitHub, ibi tí a ń kó kóòdù pamọ́ sí lórí ayélujára, bí ẹni ń lo àpótí aṣọ: n ó kó kóòdù sínú rẹ̀ lálẹ́, n ó sì pa á dé. Ìgbà tí mo gba ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta, tí a di mẹ́rin, ni mo tó rí i pé n kò tíì fọwọ́ kan ohun tó wúlò jù nínú rẹ̀, ìyẹn pull request (ìbéèrè pé kí ẹlòmíràn ka àtúnṣe ẹni kí ó tó wọlé) àti ààbò tí wọ́n ń fi sórí ẹ̀ka main, ìyẹn ojúlówó ẹ̀dà kóòdù náà.

Git ni Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005 láti máa tọ́jú ìtàn kóòdù. GitHub, tí Microsoft rà ní 2018, ni ó mú kí ó rọrùn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti fi ṣiṣẹ́ pọ̀. Láti oṣù kẹrin ọdún 2020 ni ikọ̀ ti lè lo repo (àpótí kóòdù iṣẹ́ kan) ìkọ̀kọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, iye yòówù kí wọ́n jẹ́. Ètò ọ̀fẹ́ yìí ni a ń lò, ó sì tẹ́ wa lọ́rùn, títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ṣàtúnṣe sí ojú ìwé ìsanwó oníbàárà wa kan tó ń ta aṣọ òkè, ó sì fi í ránṣẹ́ tààrà sórí ẹ̀ka main, níbi tí gbogbo ohun tó bá wọlé ti ń bọ́ sójú ọjà lójú ẹsẹ̀. Kọ́bọ̀ ni Paystack, ilé iṣẹ́ tó ń bá wa gba owó lórí ayélujára, fi ń gba iye owó, kì í ṣe náírà, ọmọ náà sì gbàgbé láti yí náírà padà sí kọ́bọ̀. Bí aṣọ ₦45,000 ṣe di ₦450 nìyẹn. Ènìyàn márùn-ún ti rà á kí màmá tó ni ìsọ̀ náà tó pè mí. Àpò wa ni a ti san ìyàtọ̀ owó náà, mo sì lọ bẹ̀ wọ́n nílé. N kò bá ọmọ náà jà, nítorí èmi ni mo fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì: kò sí ẹni tó ka iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó jáde, kò sì sí ẹni tó ń ka tèmi náà.

Tí repo bá jẹ́ ti ìkọ̀kọ̀, ètò ọ̀fẹ́ kò gbà kí a fi ààbò sórí ẹ̀ka. Àfi kí a san dọ́là 4 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù fún ètò Team. Tí repo bá ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n oníbàárà wo ni yóò gbà kí á tú kóòdù ìsanwó rẹ̀ síta? Lójú tèmi, kò yẹ kí wọ́n gba owó lórí ààbò yìí, nítorí ikọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde ló nílò rẹ̀ jù, pàápàá ikọ̀ tó ń gba náírà tó sì ń san dọ́là. Síbẹ̀, mo san án, dọ́là 16 lóṣù fún àwa mẹ́rin. Ní báyìí, kóòdù ẹnikẹ́ni kò lè wọnú main láìjẹ́ pé ẹlòmíràn kà á tó sì fọwọ́ sí i. Ẹ rí i dájú pé ẹ yan òfin náà kí ó mú ọ̀gá pẹ̀lú, nítorí bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni repo ṣì lè fò ó dá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn gan-an ló ka pull request tèmi, ó sì kọ sábẹ́ ìlà kan pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi kọ́bọ̀ ṣírò ẹ̀dínwó yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, torí àròpọ̀ 0.1 àti 0.2 kì í jẹ́ 0.3 géérégé nínú JavaScript.” Òótọ́ ló sọ. Mo tún un ṣe kí n tó jẹun ọ̀sán, inú mi sì dùn ju ìgbà tí mo gba owó iṣẹ́ náà lọ.

Ó ń gba àkókò o. Kóòdù àwọn ọmọ iṣẹ́ ni mo ń kà láàárọ̀ báyìí, ọ̀sán ni mo tó ń kọ tèmi. Ẹni tó ṣì ń dá ṣiṣẹ́ kò nílò ètò yìí rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kóòdù rẹ̀ bá kan owó oníbàárà, kí ó ti san án kí ọmọ iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé.