Rẹ́mù, SSD, àbí láptọ́ọ̀pù míì: èwo ló yẹ kẹ́ ẹ náwó sí?

Tí láptọ́ọ̀pù bá ti ń fà, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ńjíníà ní Panṣẹ́kẹ́, l'Abẹ́òkúta, ni "ẹ bá mi fi rẹ́mù sí i". Rẹ́mù ni ibi tí láptọ́ọ̀pù ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Nígbà míì òótọ́ ni, rẹ́mù ló kéré. Nígbà míì sì rèé, háàdì, ìyẹn ibi tó ń kó fáìlì pamọ́ sí, ló ń pa á, ẹ ó náwó tán, láptọ́ọ̀pù á ṣì máa rìn bó ṣe ń rìn tẹ́lẹ̀, inú á wá bí yín sí ẹni tó tà á, bẹ́ẹ̀ ohun tẹ́ ẹ ní kó tà náà ló tà.

Torí náà kẹ́ ẹ tó gbé owó jáde, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe èyí nílé. Ẹ ṣí gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ máa ń lò lójoojúmọ́, Chrome pẹ̀lú gbogbo táàbù yín, Word, WhatsApp, CorelDRAW tó bá jẹ́ pé iṣẹ́ yín nìyẹn, kẹ́ ẹ wá tẹ Ctrl, Shift àti Esc pa pọ̀, Task Manager á jáde, ẹ lọ sí Performance. Nọ́ńbà méjì lẹ máa wò: Memory àti Disk. Tí Memory bá wà ní bíi 90% tí Disk sì wà jẹ́ẹ́jẹ́, rẹ́mù ló kù. Tí Memory ò bá ju ìdajì lọ ṣùgbọ́n tí Disk kan 100% tí kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ẹ má ra rẹ́mù o, háàdì yẹn ni kẹ́ ẹ yọ, kẹ́ ẹ fi SSD rọ́pò ẹ̀. Méjèèjì sì lè kún pa pọ̀, torí tí rẹ́mù bá ti kún, Windows á bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù lọ sórí háàdì, á tún máa lọ kó o padà, ó dà bíi kí ìyá aládìrẹ tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìtòkú máa sáré lọ sílé ní Ọbáńtokò torí gbogbo aṣọ tí kọ́sítọ́mà bá béèrè. Irú ìyẹn, ọ̀nà méjèèjì ló ń fẹ́ àtúnṣe.

Ẹ jẹ́ ká gbé rẹ́mù wò ná. Láti 4GB sí 8GB, ẹ máa rí ìyàtọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Láti 8GB sí 16GB, ẹni tó ń ṣe fídíò tàbí dísáìnì ńlá ló máa mọ̀ ọ́n lára, ẹni tó ń tẹ project fáwọn ọmọ yunifásítì FUNAAB ò ní mọ̀ pé nǹkan kan yí padà. Tí Windows yín bá jẹ́ 32-bit, 4GB lòpin ẹ̀, bẹ́ ẹ bá tiẹ̀ ki 16GB bọ̀ ọ́ kò ní rí i lò. Nínú Task Manager yẹn náà, tẹ́ ẹ bá rí "Slots used: 1 of 2", ihò kan ṣófo nìyẹn, ẹ lè fi kún un láìyọ ti tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n MacBook Air àti ThinkPad X1 Carbon, wọ́n ti sódà rẹ́mù wọn mọ́ bọ́ọ̀dù, kò sí ihò kankan níbẹ̀, ẹni tó bá ní òun á fi kún un fún yín, ẹ gba láptọ́ọ̀pù yín lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ tún béèrè irú èyí tó ń lò: DDR3 ò wọ ihò DDR4, ibi tí wọ́n gé lára wọn yàtọ̀ síra. HP EliteBook 840 G1 àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó jẹ́ Intel fourth gen (ìran kẹrin), DDR3L ni tiwọn, 1.35V, kì í ṣe DDR3 lásán tó ń jẹ 1.5V. 840 G3 ti bọ́ sórí DDR4.

SSD ńkọ́? Òun náà ń kó fáìlì pamọ́ bíi háàdì, àmọ́ kò ní àwo tó ń yí nínú. Háàdì láptọ́ọ̀pù máa ń ka nǹkan bíi 100MB ní sẹ́kọ́ńdù kan, SSD tó jẹ́ SATA (irú ẹnu tí háàdì láptọ́ọ̀pù náà ń lò) á ka bíi 500MB, ẹ ti rí i pé ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn, kẹ́ ẹ sì wá ronú háàdì tó ní àwo tó ń yí nínú, tẹ́ ẹ gbé kọ́ ẹ̀yìn lórí ọ̀kadà láti Àdátán dé Kútọ̀. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn SSD jù nìyí: tẹ́ ẹ bá ra láptọ́ọ̀pù míì lọ́la, ẹ lè yọ ọ́, kẹ́ ẹ fi sínú èyí tuntun tó bá ní àyè SATA, tàbí kẹ́ ẹ ra kéèsì USB fún un kẹ́ ẹ máa fi kó fáìlì. DDR3 tẹ́ ẹ rà, inú ẹgbẹ́ ẹ̀ tó ti gbó náà ló máa parí sí. Tó bá jẹ́ pé owó ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ yín, tí láptọ́ọ̀pù yẹn ṣì ń lo háàdì, SSD ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, rẹ́mù lè tẹ̀lé e.

Ibi tí rẹ́mù àti SSD méjèèjì ò ti lè ràn yín lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ Windows. Microsoft ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní 14 October 2025, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ẹ̀yà ààbò kan nínú láptọ́ọ̀pù, àti Intel tó tó eighth gen (ìran kẹjọ). 840 G1 àti G3 ò sí níbẹ̀, 840 G5 tó jẹ́ eighth gen wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń fi láptọ́ọ̀pù ṣe báǹkì, mi ò ní gbà yín níyànjú láti da owó púpọ̀ lé èyí tí kò lè gba Windows 11, torí ọ̀rọ̀ ààbò, àfi tẹ́ ẹ bá ṣe tán láti lo Linux Mint dípò Windows. Owó rẹ́mù náà ti gun òkè káàkiri ayé láti apá ìparí 2025, àwọn ilé iṣẹ́ AI ló ń rà á lọ rẹpẹtẹ, torí náà ẹ má fi iye tí wọ́n dá fún yín tẹ́lẹ̀ ṣírò. Ẹ béèrè ní ṣọ́ọ̀bù méjì mẹ́ta, ẹ ro owó rẹ́mù àti SSD pọ̀, tó bá ti lé ní ìdajì owó tòkunbọ̀ eighth gen tó mọ́, ẹ fi owó yẹn pamọ́ kẹ́ ẹ fi kún owó tòkunbọ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá pinnu pé rẹ́mù ni, ẹ dúró ti ẹni tó ń ṣe é. Kó yọ ṣáájà àti bátìrì, kó fọwọ́ kan irin, kó ki rẹ́mù wọlé ní ìdagẹ̀rẹ̀, kó wá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí tí ìkọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì máa fi dún "kọ́", tí eyín wúrà ẹ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn síta mọ́. Tí ojú láptọ́ọ̀pù bá dúdú tàbí tó ń ké pí-pí nígbà tẹ́ ẹ tàn án, ẹ má tíì pariwo, ó lè jẹ́ pé rẹ́mù ni kò wọlé dáadáa, kó yọ ọ́ kó tún un kì. Ẹ ṣí Task Manager lójú ẹ̀, ẹ ka iye tó wà níbẹ̀, kó kọ DDR àti GB ẹ̀ sórí rìsíìtì pẹ̀lú ọjọ́ tẹ́ ẹ lè dá a padà, kẹ́ ẹ tó san owó tó kù.