Onílébẹ́lì Sábó tó kọ̀ láti tẹ nọ́ńbà fún mi

Owó mi ni mo fi tẹ lébẹ́lì, ẹnikẹ́ni ò sì bẹ̀ mí kí n wá sọ ọ́. Ọmọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ò tiẹ̀ mọ̀ pé mò ń kọ nǹkan kan nípa òun, ìdí nìyẹn tí n ò fi ní dárúkọ ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọjà Sábó, ní Ìkòròdú níbí, ló wà, láàárín ìyá tó ń lọ ata àti àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Tí ariwo ẹ̀rọ ata bá ti ń di yín létí, ẹ ti débẹ̀.

Ọṣẹ dúdú ni mò ń sè, mo sì ń po òrí pọ̀ mọ́ òróró àgbọn fún ìpara. Ọwọ́ ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ: eérú èèpo kòkó, àdín, àti ìdúró nídìí iná títí apá á fi ro. Ọdún mẹ́rin ni mo fi tà á fún àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, nínú ọ̀rá lásán. (Ẹ má pè mí lẹ́jọ́, mo ti dáwọ́ dúró.) Àfìgbà tí obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Agric sọ pé òun máa gba àádọ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ òun ò lè gbé e sórí káńtà láìsí lébẹ́lì àti nọ́ńbà NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń fọwọ́ sí oúnjẹ, oògùn àti ohun ìpara.

Nọ́ńbà kọ́ ni ìṣòro mi, mo ti ní in. Àbí kí n ní mo rò pé mo ti ní in. Mo san ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà fún ẹnì kan tó ń kọ́ èèyàn ní ọṣẹ ṣíṣe lórí WhatsApp. Lọ́jọ́ tá a parí, ó fi nọ́ńbà kan ránṣẹ́ sí gbogbo wa, ó ní ká jọ máa lò ó, pé òun ti bá wa ṣe é. A lé ní ọgọ́ta nínú gúrúùpù yẹn. Inú wa dùn débi pé a gbàdúrà fún un.

"Àǹtí, níbo lẹ ti rí nọ́ńbà yìí?" Ohun tí onílébẹ́lì kọ́kọ́ bi mí nìyẹn. Mo ní NAFDAC ni. Kò bá mi jiyàn. Ó fa fóònù ẹ̀ yọ, ó ṣí Greenbook, ìyẹn ibi tí NAFDAC ń to àwọn ọjà tí wọ́n ti fọwọ́ sí sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó tẹ nọ́ńbà náà síbẹ̀. Ìpara ọmọ ọwọ́ ló jáde, ti iléeṣẹ́ kan tí kò mọ̀ mí, tí èmi náà ò sì mọ̀ rí. Ó yí ojú fóònù sí mi. Ó ní, "Ọṣẹ yín dà níbẹ̀?" Ẹ̀rọ ata ń ké, òógùn ń bọ̀ lára mi.

Ó ní òun ò ní tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ló fa bébà kan tó ti bàjẹ́ yọ, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó yẹ kó wà lára lébẹ́lì sẹ́yìn ẹ̀. Orúkọ ọjà. Bó ṣe wúwo tó. Èmi ti kọ "ńlá" àti "kékeré", ó ní gíráàmù ni. Gbogbo ohun tó wọ inú ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń lò ó, ìkìlọ̀ tó bá yẹ. Ọjọ́ tí mo sè é, ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Nọ́ńbà ìkòkò, tó jẹ́ pé bí ara ẹnì kan bá yún, màá mọ ìkòkò tí ọṣẹ ẹ̀ ti jáde, màá sì lè kó ìyókù kúrò lórí àtẹ. Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, èèyàn lè wá fi Yorùbá kún un. Orúkọ mi náà, àti àdírẹ́sì ibi tí mo ti ń sè é gan-an.

Àdírẹ́sì yẹn ló dá mi dúró. Ẹ̀yìnkùlé ilé tí mo háyà ni mo ti ń sè é, NAFDAC sì máa ń wá wo ibi tí èèyàn ti ń ṣe nǹkan kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Adìyẹ mẹ́sàn-án ni lánlọ́ọ̀dù mi ń sìn níbẹ̀. Mi ò tíì mọ bí màá ṣe dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún bàbá.

Mo tún ti kọ ọ́ gàdàgbà síwájú lébẹ́lì pé, "Ó ń wo làpálàpá, kúrúnà àti gbogbo àrùn ara." Ó fi bírò fà á. Ó ní tí ọṣẹ bá ti ń wo àrùn, oògùn ni lójú NAFDAC, ohun tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ mi á sì yàtọ̀. Èyí dùn mí o. Ọṣẹ yẹn wo làpálàpá orí ọmọ mi, ojú mi báyìí ló ṣe. "Ó ń fọ ara mọ́" la padà fi síbẹ̀.

Bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ ni ẹnì kan wọlé, ìpara abóra ló fẹ́ tẹ lébẹ́lì fún. Onílébẹ́lì bi í pé kí ló wà nínú ẹ̀, kò mọ̀. Inú rọ́bà ńlá ló ti ń bù ú. Ó ní kó lọ béèrè bóyá mákúrì wà níbẹ̀, torí òfin ò gbà á nínú ohun ìpara. Onítọ̀hún ò padà wá.

Ìwé CAC tí mo fi ń yangàn ńkọ́? Ó wò ó, ó dá a padà. Orúkọ òwò ni CAC kọ sílẹ̀, kò ní kí n máa ta ọṣẹ. Trademark, ìyẹn ìwé tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì lo orúkọ tàbí àmì ọjà ẹni, tún yàtọ̀, Àbújá ni ìyẹn ti ń wá. Ti NAFDAC, tó máa ń lo ọdún márùn-ún kéèyàn tó tún un ṣe, ló kan ọṣẹ fúnra ẹ̀, àtọdún 1993 sì ni òfin ti ní kí ẹnikẹ́ni má ta ohun ìpara tí wọn ò forúkọ ẹ̀ sílẹ̀. 1993! Eérú ìyá mi ni mo ṣì fi ń ṣeré nígbà yẹn. Ẹ̀gbọ́n onílébẹ́lì yìí ló ń ṣe zóbò, onílébẹ́lì ló bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì NAFDAC ní Ìsọlọ̀ títí ìwé zóbò náà fi jáde. Ibẹ̀ ló ti mọ gbogbo ẹ̀.

Ká wá sọ ti iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀. Ogún péré ló gbà láti tẹ̀ fún mi, èyí tí màá fi sínú ìwé tí mò ń kó lọ fún NAFDAC, ó sì fi àyè nọ́ńbà sílẹ̀ lófìfo. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà. Túsìdé ló dá, Fúráìdé ni mo rí i gbà. Kò síná, jẹnẹrétọ̀ ẹ̀ ń ṣàìsàn. Ti àkọ́kọ́ ò dáa. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọṣẹ, mo fi í sílé ìwẹ̀ di àárọ̀: tàdáwà ti yòrò, ọjọ́ tó máa bàjẹ́ ló kọ́kọ́ bàjẹ́. Mo gbé e padà, kò bá mi fa ọ̀rọ̀, ó tẹ òmíràn sórí èyí tó dà bí rọ́bà, kò gba kọ́bọ̀ lé e. Ìyẹn sùn nínú omi mọ́jú, kò ṣí. Ohun kan tí n ò tíì dárí ẹ̀ jì í ni pé ó kọ "Ọ̀ṣun" síbi tí mo kọ "osùn". Osùn ni mo fi sínú ọṣẹ, mi ò bu odò sí i.

Obìnrin Agric ní òun á dúró. Mo fi ohun tí Greenbook gbé jáde sínú gúrúùpù WhatsApp wa, ọ̀gá yọ mí kúrò kí ẹnikẹ́ni tó fèsì. Tẹ́ ẹ bá ń lọ bá onílébẹ́lì mi, ẹ tètè lọ kí wọ́n tó mú iná, kẹ́ ẹ sì fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé e fún un.