Rewáyà Ayétòrò tó tún Camry mi ṣe: púlọ́ọ̀gì, wáyà, àti ọ́ìlì tó kún inú ihò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mọ́tò àgbà l'Óṣogbo, tó bá ti ń jẹ́kì tẹ́ ẹ bá ń gun bírííjì Ọláìyá, tó ń gbọ̀n tẹ́ ẹ bá dúró nínú gó-síló, tẹ́nì kan sì ti ní kẹ́ ẹ lọ wá owó fúẹ̀lì pọ́ǹpù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì ra nǹkan kan. Bàbá rewáyà kan wà ní apá Ayétòrò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn. Kò sí sáìnbọ́ọ̀dù gidi níbẹ̀, abẹ́ ṣẹ́ẹ̀dì páànù ni, ara ògiri ni wọ́n fi pẹ́ǹtì pupa kọ REWIRE sí, ẹ ṣáà bèèrè rewáyà àgbà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀. Iṣẹ́ wọn dáa. Ẹnu wọn ò dùn, iṣẹ́ ọ̀hún sì ń falẹ̀, mo máa sọ ìyẹn náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn dáa.

Mọ́tò mi, Camry táínì láìtì ni, ti 1999, ẹ́ńjìnnì 5S-FE, lítà 2.2. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, nítorí náà mi ò retí kó máa sáré bíi tuntun. Ohun tó ń ṣe ni pé láàárọ̀ ó máa ń stáàtì dáadáa, tó bá ti wá gbóná díẹ̀ báyìí á bẹ̀rẹ̀ sí í míìsì, ìyẹn ni pé iná á máa fo ibì kan nínú ẹ́ńjìnnì, sílò ẹ̀, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tí mo bá dúró, á lọ sílẹ̀, stíárìn á máa gbọ̀n lọ́wọ́ mi, tójò bá wá rọ̀ ẹ gbàgbé ẹ̀, ó lè kú síbi tó wù ú, epo tó ń mu náà sì wá pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ sì mọ iye tí lítà epo dà báyìí. Mẹkáníìkì tí mo ń lò tẹ́lẹ̀, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, púlọ́ọ̀gì nìkan ló máa ń pààrọ̀. Á gbowó, mọ́tò á dáa fúngbà díẹ̀, á tún padà síbi tó wà. Nígbà tó yá ó ní ńsẹ́tọ̀, ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, ni, a fọ ńsẹ́tọ̀, kò yí padà, ó wá ní fúẹ̀lì pọ́ǹpù ló kù. Wọ́n kàn ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá, owó mi ló sì ń lọ. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa l'Ábéré ló wá júwe bàbá yìí fún mi.

Ohun tó kọ́kọ́ wù mí níbẹ̀ ni pé wọn ò fọwọ́ kan sípánà. Wọ́n ní kí n jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, wọ́n dúró, wọ́n fetí sí i, wọ́n lọ sẹ́yìn lọ gbé ọwọ́ síbi tí èéfín ti ń jáde, wọ́n wá mú skáànà kékeré kan, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì, wọ́n tì í bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. P0303 ló gbé jáde. Wọ́n pè mí. "Àlàájà, ẹ wá wò ó." Mi ò tíì dé Mẹ́kà o, ìbòrí ni wọ́n rí, àdúrà ni mo kà á sí. "Ẹ wo nọ́ńbà tó gbẹ̀yìn yìí, sílíńdà kẹta ló ń míìsì. Ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó fà á o. Ó lè jẹ́ púlọ́ọ̀gì, ó lè jẹ́ wáyà, ó lè jẹ́ kọ́ìlì tó ń gbé iná fún púlọ́ọ̀gì, ó tiẹ̀ lè jẹ́ ńsẹ́tọ̀ tí wọ́n ń sọ. Àwa la máa wá a rí." Ẹ kíyè sí ìyẹn o, nítorí àwọn kan wà tó jẹ́ pé tí skáànà bá ti gbé nọ́ńbà jáde báyìí, ọjà ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ gbà lọ. Ẹni tó bá tún ní mọ́tò yín ti gbó ju skáànù lọ, ẹ bi í pé ọdún wo ló jáde, torí mọ́tò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996 ló ti ní ibi tí wọ́n ń ki skáànà yẹn bọ̀.

Wọ́n pa mọ́tò, wọ́n ní ká jẹ́ kó tutù. Mo ní ṣé kò ṣeé tú báyìí ni, mo ní ibi tí mò ń lọ. Wọ́n ní tọ́ọ̀pù sílíńdà yìí, alumíníọ̀mù ni, téèyàn bá ń fipá tú púlọ́ọ̀gì nígbà tó gbóná, tírẹ́ẹ̀dì inú ihò lè bá a jáde, àti pé owó tí wọ́n á fi gbẹ́ tírẹ́ẹ̀dì tuntun, èmi ni màá san án. Ni mo bá jókòó. Ká tiẹ̀ ní mo jókòó, orí táyà ni mo jókòó sí.

Nígbà tó tutù, ọmọ iṣẹ́ kan fẹ́ fa wáyà ìkẹta, ó dì í mú láàrin, bàbá sì gbá a lọ́wọ́ pàá. "Orí ẹ̀ lo máa dì mú, kó o yí i díẹ̀ kó o tó fà á! Kí ni mo sọ fún ẹ?" Ọmọ náà ní "ẹ má bínú, ọ̀gá," ó yí i, ó fà á, ẹ wò ó, rọ́bà orí wáyà tó yẹ kó gbẹ, ọ́ìlì ló ń kán tó, tó, tó lára ẹ̀. Ó ti wú, ó ti rọ̀, ó sì ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú ihò, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló kún ibẹ̀, orí púlọ́ọ̀gì nìkan ló yọ. Ihò kejì náà ní díẹ̀. Ti ìkíní àti ìkẹrin gbẹ. Bàbá ò sọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n kàn wò mí, wọ́n ní, "Fúẹ̀lì pọ́ǹpù yín nìyẹn."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ rèé. Púlọ́ọ̀gì mọ́tò yìí, inú ihò jíjìn ló wà, tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà, ìyẹn ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, ló sì wà lókè. Rọ́bà roboto kan wà tó yí ihò kọ̀ọ̀kan ká kí ọ́ìlì má bàa wọlé. Tí ooru bá ti ń nà án láti ọdún gbọọrọ, rọ́bà yẹn á le, kò ní lè di nǹkan mú mọ́, ọ́ìlì á bẹ̀rẹ̀ sí í jò sínú ihò. Ọ́ìlì á ba rọ́bà orí wáyà jẹ́, iná tó yẹ kó lọ yọ lẹ́nu púlọ́ọ̀gì á rí ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà lọ sára irin. Èyí tó ń dùn mí ni pé gbogbo púlọ́ọ̀gì tuntun tí mo ti ń rà yẹn, inú ọ́ìlì ni mẹkáníìkì mi àtijọ́ ń rì í sí, ó sì ń rí ọ́ìlì ọ̀hún o! Kò sí bí kò ṣe ní rí i. Bàbá ní epo tí kò bá jó nínú sílíńdà, inú katalístì tó wà lójú ọ̀nà èéfín ló ń lọ, ibẹ̀ ló ti máa ń jó, tó bá sì pẹ́, katalístì náà á bà jẹ́.

Wọ́n kọ́kọ́ fi aṣọ tí wọ́n wé mọ́ sikirudiráfà fa ọ́ìlì yẹn tán, wọ́n tan jẹ́nẹ̀, wọ́n fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fẹ́ ihò náà mọ́ kí wọ́n tó tú púlọ́ọ̀gì, torí tí wọ́n bá tú u bẹ́ẹ̀, inú sílíńdà ni gbogbo ìdọ̀tí ọ̀hún máa dà sí. Púlọ́ọ̀gì ìkẹta jáde, ìlà dúdú tín-ín-rín kan wà lára tánganran funfun ẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀. Bàbá fi èékánná họ ọ́, kò lọ. Ibi tí iná ń gbà sá lọ nìyẹn. Wọ́n wá to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń fi hàn mí: èyí tí ẹnu ẹ̀ ní àwọ̀ eérú tó pọ́n díẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń jó dáadáa níbẹ̀, tó bá dúdú tó gbẹ bí èédú, epo ló pọ̀ jù, tó bá funfun tó sì lé ròrò, ooru ti pọ̀ jù níbẹ̀. Mi ò bèèrè o, wọ́n kàn ń sọ ọ́ ni, ọmọ iṣẹ́ náà sì ń gbọ́.

Wáyà ni wọ́n fi mítà wọ̀n tẹ̀ lé e. Ohun tí Toyota sọ ni pé ìdíwọ́ tí wáyà kan ń ṣe fún iná ò gbọdọ̀ ju kílóòmù 25 lọ. Ìkíní àti ìkẹrin ṣì wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ìkejì ti kọjá, ti ìkẹta mítà ò gbé nọ́ńbà kankan jáde, ó ti já nínú, iná kàn ń fò ó kọjá ni. Mo wá ní ṣé ká ra méjì péré, wọ́n ní sẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń tà á, àti pé ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ní tòkunbọ̀ ńkọ́? Wọ́n ní tòkunbọ̀ tó bá ti lo ọdún ogún lára mọ́tò ẹlòmíì, kí ló fi yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń tú dànù yìí. Kò sí èsì tí mo lè fún wọn. Wọ́n wọn kọ́ìlì méjèèjì náà, wọ́n ní ó dáa, kí n má ná owó kankan lé e. Ibi tí wọ́n ti rí mi gbà pátápátá nìyẹn, torí owó kọ́ìlì ló pọ̀ jù, tí wọ́n bá sì ní kí n rà á, ǹ bá ti rà á.

Wọ́n kọ ohun tí màá rà sórí bébà, wọ́n ní kí n lọ rà á fúnra mi, kí n bá ẹni tó bá tà á ṣàdéhùn pé mo lè dá a padà. Púlọ́ọ̀gì tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún mi, bí bàbá ṣe dorí ẹ̀ kodò báyìí ni wọ́ṣà ẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní NGK gidi, wọ́ṣà ẹ̀ kì í bọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ò tiẹ̀ wo páálí, wọ́n ní páálí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe ayédèrú ẹ̀. Mo dá a padà, ọlọ́jà kùn díẹ̀, ó mú òmíì wá látẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ò rí i pé ojúlówó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀!

Ohun kan tún wà tí mi ò mọ̀ rí nípa mọ́tò yìí. Kọ́ìlì méjì ló ní, ìkan ń fún púlọ́ọ̀gì 1 àti 4 níná, èkejì ń fún 2 àti 3, ẹ̀ẹ̀kan náà ni púlọ́ọ̀gì méjì tó wà lórí kọ́ìlì kan sì ń yọ iná. Nínú méjì yẹn, ti ìkan, iná ń fò láti irin àárín lọ sí irin ẹ̀gbẹ́, ti èkejì, ó ń fò láti irin ẹ̀gbẹ́ wá sí irin àárín, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kó jẹ́ púlọ́ọ̀gì tó ní platinum lẹ́nu méjèèjì. Ẹ lè fi olówó pọ́ọ́kú síbẹ̀ o, á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní pẹ́ padà. Bàbá ní ti platinum lè dé máìlì 60,000 tí ọ́ìlì ò bá tún bá a níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe dè é, ìyẹn nìkan tó kí n sanwó fún. Wọ́n fi gééjì wọn ẹnu púlọ́ọ̀gì, mílímítà 1.1, wọ́n ki orí ẹ̀ bọ rọ́ọ̀bà páìpù kékeré kan, wọ́n fi ìka yí i wọlé títí tó fi dúró, wọ́n ní tó bá ti wọ́, rọ́bà náà á yọ́ lọ́wọ́, kò ní lè ba tírẹ́ẹ̀dì jẹ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó mú sípánà, ìdajì ìyípo péré, ó tán. Àwọn mẹkáníìkì tí mò ń rí, ṣe ni wọ́n máa ń fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Tápẹ́ẹ̀tì kọ́fà gba gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun àti rọ́bà ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n wá ń so wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n má bàa pa á pọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀dùn ọkàn. Wọ́n máa ń fi mọ́tò yín sílẹ̀ lọ wo ti ẹlòmíì. Mọ́tò mi ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ gbayawu nígbà tí bàbá lọ ń bá onídánfó kan wá ibi tí iná bírékì ẹ̀ ti já. Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n yára, wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń yára. Àga ò sí, POS ò sí, owó kẹ́ẹ̀ṣì tàbí tránsífà, ríṣíìtì wọn sì jẹ́ bébà tí wọ́n ya lára kàlẹ́ńdà. Ọmọ iṣẹ́ tún gbàgbé láti fún klíìpù kan tó mú páìpù afẹ́fẹ́ lórí, ó ń hu fíìì bí mo ṣe ń lọ, mo padà, wọ́n bá mi fún un le lọ́fẹ̀ẹ́, bàbá sì bá ọmọ náà wí débi pé àánú ẹ̀ ṣe mí.

Owó iṣẹ́ ₦12,000, gbogbo ẹ̀ ni o, títú àti dídè. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ó wọ́n. Tí mo bá ṣírò gbogbo ohun tí mo ti san fún púlọ́ọ̀gì tí wọ́n ń rì sínú ọ́ìlì, àti owó ńsẹ́tọ̀, mi ò rí ibi tó ti wọ́n. Mọ́tò ò gbọ̀n mọ́. Òjò ti rọ̀ gan-an láti ìgbà yẹn, mo sì ti gbé e gba Gbọ̀ngán dé Ìbàdàn nínú ẹ̀, kò kú, kò jẹ́kì, iná ẹ́ńjìnnì ò sì tàn. Mo tún ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì fúnra mi, mo fa wáyà ìkẹta, orí ẹ̀ ni mo dì mú o, ó gbẹ táútáú.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ tètè dé, wọ́n máa ń ti dé láàárọ̀ kùtù. Ẹ má lọ lọ́jọ́ Jímọ́, torí tí wọ́n bá ti lọ kírun, ó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Ẹ mú omi dání, ẹ sì jẹ́ kí mọ́tò ti tutù díẹ̀ kẹ́ ẹ tó débẹ̀.