Àpótí Blu-ray Batman: dúdú ni ẹ ń ra

Ẹni tó wo káàtúùnù Batman ọdún 1992 lórí àwo ọgbọ̀n-nínú-ọ̀kan tí wọ́n ń tà káàkiri ìgboro Òṣogbo ti gbọ́ ìtàn rẹ̀, àmọ́ kò tíì rí àwòrán rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Apá kan gùn tó ìṣẹ́jú 22, ọgbọ̀n apá di wákàtí 11. Àwo DVD lásán kò gbà ju 4.7GB lọ, nítorí náà ohun tó kan ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan kò tó mẹ́gábíìtì kan. Ibi tó ṣókùnkùn ni ẹ̀rọ tó ń fún fídíò pọ̀ ti máa ń kọ́kọ́ gé nǹkan kúrò, torí ojú kì í tètè fura níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òkùnkùn gan-an ni iṣẹ́ eré yìí. Ojú ọ̀run Gotham, ìlú Batman, á wá rí bí ilẹ̀ tí wọ́n lẹ táìlì mọ́.

Èyí tí iléeṣẹ́ Warner gbé jáde ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹwàá ọdún 2018, Batman: The Complete Animated Series, kò ní ìṣòro yẹn, torí orí Blu-ray ló wà, irú àwo tó ń gbà ju DVD lọ dáadáa. Apá 109 ló wà lórí àwo mẹ́wàá: 85 ti àkọ́kọ́, àti 24 ti The New Batman Adventures tó bẹ̀rẹ̀ ní 1997. Fíìmù méjì, Mask of the Phantasm àti SubZero, wà lórí àwo tiwọn. Wọ́n tún kó ère kéékèèké mẹ́ta sí i. Ẹ kó ìyẹn fún ọmọdé.

Eric Radomski, tí òun àti Bruce Timm jọ dá eré náà sílẹ̀, ló ní kí wọ́n máa ya àwòrán ẹ̀yìn sórí pépà dúdú. Pépà funfun ni àwọn yòókù ń lò, wọn á wá máa kun òkùnkùn lé e títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ní ti Radomski, ilẹ̀ ti ṣú kí ayàwòrán tó gbé búrọ́ọ̀ṣì. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló kù tó máa kùn: fèrèsé kan, etí òrùlé, èéfín. Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá kàn, dúdú ló máa wà. Ẹni tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní ìlú aró yìí á ti lóye rẹ̀. Aládìrẹ a máa fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sára aṣọ funfun kí aró má baà wọ ibẹ̀. Funfun ló ń dáàbò bò. Àwọn ayàwòrán Batman yí i padà: dúdú ni wọ́n dáàbò bò, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń rẹ aṣọ sí. Ẹ wo ìbẹ̀rẹ̀ “On Leather Wings”, níbi tí ọkọ̀ òfúrufú àwọn ọlọ́pàá ti ń rá bàbà lókè ìlú. Ẹ ò ní mọ ibi tí ilé parí sí tí ojú ọ̀run ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe àṣìṣe.

Àwọn ènìyàn inú rẹ̀, orí ọ̀rá tí iná ń là kọjá ni wọ́n wà. Ìlà wà níwájú ọ̀rá, ọ̀dà wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á tẹ́ ẹ lé àwòrán ẹ̀yìn, wọ́n á sì ya fọ́tò rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà púpọ̀, àwòrán méjìlá ló ń kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, torí wọ́n ń ya fọ́tò ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Blu-ray kò bo àṣírí kankan: èérún eruku tó bọ́ sórí ọ̀rá nígbà yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó ń bà á jẹ́ jù nílé ni tẹlifíṣàn tuntun tó ń fi àwòrán tirẹ̀ dí àlàfo kí ìrìn lè yọ̀ gẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ Batman á wá máa yọ́ bí òrí. Ẹ wọ ibi ètò àwòrán lórí tẹlifíṣàn, ẹ pa Motion Smoothing, ẹ kúrò lórí Vivid bọ́ sí Movie, ẹ fa Sharpness wálẹ̀, ẹ sì fi ìwọ̀n sí 4:3. Ọ̀pá dúdú á wà lápá ọ̀tún àti òsì, kí ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fà á kún ojú tẹlifíṣàn ti sọ Joker, ọ̀tá Batman, di ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ rọ̀bọ̀tọ̀.

Iṣẹ́ náà kò dọ́gba. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń kọ ọ́, àmọ́ sítúdíò oríṣiríṣi nílẹ̀ òkèèrè, pàápàá ní Kòríà àti Jàpáánù, ló ń yà á. Ẹ wo “Feat of Clay” kìíní àti ìkejì tẹ̀léra. AKOM ti Kòríà ló ya ti ìkíní, TMS ti Jàpáánù, tó ya ìṣíde eré náà, ló ya ìkejì. Ìtàn kan náà ni, ọwọ́ kò jọra. Ní ìkejì, Batman tan ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn tó ń fi ipa tí Clayface, òṣèré tó di ọ̀daràn alámọ̀, ti ṣe nínú fíìmù hàn. Ara ọkùnrin náà yọ́, ó di ẹni yìí, ó di ẹni yẹn, kò lè dá ara rẹ̀ dúró mọ́. Ẹ dá a dúró níbẹ̀, kí ẹ máa sún un síwájú díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ló ya gbogbo rẹ̀. Ní ti AKOM, lẹ́yìn iṣẹ́ bíi “Cat Scratch Fever”, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Fox, iléeṣẹ́ tẹlifíṣàn tó ń gbé e sáfẹ́fẹ́ fún ọmọdé nígbà náà, kò fẹ́ kí wọ́n fi ikú hàn ní gbangba. Nínú “Robin's Reckoning” apá kìíní, tó gba àmì ẹ̀yẹ Emmy ní 1993, àwọn òbí Robin, ọmọ tó ń bá Batman ṣiṣẹ́, ń ṣeré sákọ́ọ̀sì; wọ́n fò lọ lórí okùn, wọ́n jáde kúrò lójú wa. Okùn náà padà wá, ó ti já, kò sí ẹnì kankan lórí rẹ̀. Ìdènà ló bí èyí tó dára jù nínú gbogbo àpótí yìí.

Ohùn náà dùn. Andrea Romano, tó ń darí àwọn tó ń fi ohùn ṣeré, máa ń kó àwọn òṣèré jọ sínú yàrá kan ṣoṣo kí wọ́n lè máa fèsì síra wọn. Tim Curry ni wọ́n kọ́kọ́ fún ní Joker kí wọ́n tó gbé e fún Mark Hamill. Kevin Conroy lo ohùn méjì, ọ̀kan fún Bruce Wayne, ìyẹn Batman nígbà tí kò bo ojú, ọ̀kan fún Batman. Harley Quinn, obìnrin tó ń bá Joker ṣiṣẹ́, inú káàtúùnù yìí ni wọ́n ti bí i, kó tó bọ́ sínú ìwé àwòrán. Ẹ gbọ́ ọ̀pọ̀ irú èyí nínú The Heart of Batman, fíìmù àlàyé tó lé ní wákàtí kan ààbọ̀ tí wọ́n fi kún un. Òun nìkan tó ìdí láti ra àpótí náà. Apá 24 ti 1997 kò fi bẹ́ẹ̀ wú wa lórí. Wọ́n mú ìlà rọrùn kó lè bá ti káàtúùnù Superman mu, Joker sì pàdánù ètè pupa rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó: ẹ̀rọ DVD kò lè ka Blu-ray. Ẹ̀rọ géèmù PS4 lè kà á, PS5 tí kò ní ojú àwo kò lè kà á. Blu-ray ní lẹ́tà agbègbè: B ni ti Nàìjíríà, A ni ti Amẹ́ríkà, nítorí náà ẹ wo ẹ̀yìn àpótí bóyá ẹ̀rọ yín gbà á. Nígbà ọyẹ́, ẹ fẹ́ eruku kúrò lára àwo kí ẹ tó fi aṣọ òwú múlọ́múlọ́ nù ún, láti àárín lọ sí etí, ní ìlà tààrà. Ẹ má yí i po, torí ibi tó bá ha yí po ń bá ojú ọ̀nà tí iná fi ń kà á lọ, ẹ̀rọ kò sì ní rí èyí tó ṣẹ́kù tó lè fi tún un ṣe.